Olórí Agbọ́tí Gbàgbé Jósẹ́fù



Ọ̀dọ́ kan a gba ìwé ẹ̀rí ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ wa yìí ní ọdún 1983. Ọ̀gá kan tí ó ti bá ṣiṣẹ́ rí, tí ó sì mọ ọwọ́ rẹ̀ dájú, a wí fún un pé, “Fọkàn balẹ̀. Bí àyè bá ti ṣí, ìwọ ni n ó pè.” Àyè ṣí, ẹlòmíràn ni ọ̀gá pè. Bí wọ́n bá pàdé ní Ìyànà Ìbà, tàbí ní ẹnu ọ̀nà ìjọ pàápàá, ọmọ náà kò mọ ojú tí yóò fi wò ó.

Ẹ ṣí Ìwé Jẹ́nẹ́sísì, orí 40. Jósẹ́fù wà nínú ẹ̀wọ̀n ní Íjíbítì láìṣẹ̀. Ó túmọ̀ àlá fún olórí agbọ́tí Fáráò, ohun kan ṣoṣo ni ó sì bẹ̀ ẹ́: kí ó dárúkọ òun níwájú ọba. Ní ọjọ́ kẹta olórí agbọ́tí padà sí ipò rẹ̀, ó sì gbàgbé Jósẹ́fù fún ọdún 2 gbáko. Ìwé Mímọ́ kò wí pé ó kórìíra rẹ̀. Ó gbàgbé ni, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ara ti dẹ̀ ṣe ń gbàgbé. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé bí iṣẹ́ bá bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, kíá ni a ń wá ọ̀tá ilé tí ó dí ọ̀nà, tí a sì ń kó owó fún ẹni tí yóò wádìí rẹ̀. Owó tí ìbá ṣe owó ọkọ̀ dé ibòmíràn tí iṣẹ́ wà.

Ẹlòmíràn a sì wí pé, “Bí mo bá tó ni, wọn kì bá tí fi mí sílẹ̀.” Kí ó ka Ìṣe àwọn Àpóstélì, orí 1. Ènìyàn 2 ni a mú wá láti rọ́pò Júdásì: Jósẹ́fù Barsaba, tí à ń pè ní Justu, àti Mátíásì. Àwọn méjèèjì ti wà pẹ̀lú Olúwa láti ìgbà ìrìbọmi Jòhánù. Gègé mú Mátíásì. Àyè kan ṣoṣo ni ó ṣí. A kò rí àbùkù lára Justu. (Justu ni ọkàn mi máa ń lọ sí ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, tí à ń ṣe àjọ̀dún Mátíásì.)

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé ó dùn yín. Jósẹ́fù pàápàá kò fi ìrora rẹ̀ pamọ́ fún agbọ́tí. Ẹ tọ ọ̀gá náà lọ, kí ẹ sì wí pé, “Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé àyè ti kún. Ó dùn mí. Bí òmíràn bá ṣí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí mi.” Ẹ má ṣe yan ẹnikẹ́ni lódì. Agbọ́tí kan náà ni ó padà dárúkọ Jósẹ́fù fún Fáráò. N kò ṣèlérí pé Fáráò yóò lá àlá nítorí olúkúlùkù wa.

Ẹ̀yin olórí agbọ́tí àárín wa ńkọ́? Nínú lẹ́tà rẹ̀ lórí iṣẹ́ ní ọdún 1981, Póòpù Jòhánù Páúlù Kejì kọ̀wé pé àìríṣẹ́ máa ń dunni jù bí ó bá bá ọ̀dọ́ tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ tán. Ẹ má ṣe fi ìlérí dá wọn dúró. Bí orúkọ kan bá sọ sí yín lọ́kàn bí ẹ ti ń ka èyí, ẹ pè é lórí fóònù lẹ́yìn Mísà òní, ìbáà ṣe láti sọ fún un pé kò ṣeé ṣe.