Ṣé Ẹ̀rọ Lè Mọ̀?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí àwa akéwì bá ní òjò ń bínú, kò sẹ́ni tó máa pè wá ní òpùrọ́. Ìfohunpènìyàn ni olùkọ́ máa pè é, á sì fún wa ní máàkì. Ìbéèrè mi rèé: bí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ìfọṣọ bá ní ẹ̀rọ òun mọ bí aṣọ ṣe dọ̀tí tó, ṣé ewì lòun náà ń ké ni, àbí irọ́ ló ń pa?

Ní 1965, Lotfi Zadeh, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì California ní Berkeley, gbé èrò ìṣirò kan jáde tó fàyè sílẹ̀ fún "díẹ̀" àti "púpọ̀" láàárín bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tó di 1990, iléeṣẹ́ Matsushita ní Japan ti ń fi í ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ. Iná tíńtín kan ń tàn gba inú omi ọṣẹ kọjá. Bí omi bá rú, ìmọ́lẹ̀ tó dé òdìkejì á dín kù, ẹ̀rọ á sì fi kún àkókò tó fi ń fọṣọ. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni, mi ò bú u. (Bí wọ́n bá mú iná lọ ṣá, ọgbọ́n náà á bá a lọ.) Ṣùgbọ́n omi ló wò, kò wo aṣọ. Omi lè ti tòrò kí àbàwọ́n epo pupa ṣì jókòó sí àyà bùbá yín.

Wọ́n á ní, ṣebí ìpolówó ọjà ni? Òótọ́ ni, àwa tí à ń kọ́ Yorùbá tiẹ̀ kà á mọ́ lítíréṣọ̀ alohùn. Ẹlẹ́pà lè pọ́n ẹ̀pà rẹ̀ dójú ọ̀run, àsọrégèé ni, kò burú. Ẹ ó sáà bu díẹ̀ sẹ́nu kí ẹ tó sanwó. Ta ló lè tọ́ ọgbọ́n ẹ̀rọ wò nínú páálí?

Ohun tó tún ń dùn mí ni pé lédè wa, ẹni tó bá mọ nǹkan la máa ń bi léèrè tó bá bàjẹ́. Lọ́jọ́ ọjà, ẹ̀rọ ló mọ̀. Lọ́jọ́ tí aṣọ bá bàjẹ́, wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ tẹ bọ́tìnnì tí kò yẹ.

Kí wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé ó ń wọn bí omi ṣe rú tó. Kò dùn létí, mo gbà. Wọ́n lè wá bẹ akéwì lọ́wẹ̀ kó bá wọn tún un ṣe.