Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Wọ Igbó Lásán?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Nínú èdè wa, ẹni tí ó bá ń wọ igbó ní orúkọ, orúkọ náà a sì máa sọ ohun tí ó ń wá lọ. Ẹni tí ó lọ pa ẹran ni ọdẹ. Ẹni tí ó lọ ṣẹ́ igi ni aṣẹ́gi. Ẹni tí ó lọ gun ọ̀pẹ ni akọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n kí ni à ń pe ẹni tí ó wọ igbó, tí ó wo igi, tí ó gbọ́ ohùn ẹyẹ, tí ó sì jáde ní ọwọ́ òfo? N kò rí orúkọ fún un.

Ìbéèrè yìí dìde nígbà tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi lọ sí igbó tí a dá sí ní Lẹ́kí, ní Èkó. Ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation, tí a dá sílẹ̀ ní 1980, ni ó ń tọ́jú ibẹ̀ láti 1990. Hẹ́kítà 78 ni ilẹ̀ náà, ẹ̀gbẹ́ títì tí ó lọ sí Ẹ̀pẹ́ ni ó sì wà. Kò sí wàhálà nínú ìrìn ibẹ̀. Wọ́n ti fi pákó tẹ́ ọ̀nà sórí àbàtà; ọmọdé lè rìn ín, àgbàlagbà lè rìn ín. Igi ògùrọ̀ dúró nínú omi, ọ̀bọ sì ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Fún ẹni tí ó bá gbóyà, afárá kan wà tí wọ́n so kọ́ sí òkè igi, mítà 401 ni gígùn rẹ̀.

Nígbà tí mo ròyìn fún bàbá bàbá mi, tí ó ṣe ọdẹ ní ìgbà èwe rẹ̀, ohun tí ó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Kí ni o mú bọ̀?" Mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá, n kò mú nǹkan kan bọ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "A jẹ́ pé o kò lọ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ bàbá kì í ṣe èyí tí a lè fi ẹ̀rín pa rẹ́. Èrò kan ni ó dúró fún: pé ohun tí kò bá wúlò fún ènìyàn, asán ni. Èrò yìí kan náà ni ó wà lọ́kàn ẹni tí ó bá wí pé ilẹ̀ Lẹ́kí yẹn ṣòfò. Èkó kún fọ́fọ́, àwọn kan ń sùn lábẹ́ afárá, ọ̀bọ sì ń gbé lórí ilẹ̀ tí ì bá gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Ẹni tí kò bá ro èyí dáadáa kí ó tó máa yin igbó, kò tíì ro nǹkan kan.

Ìdáhùn mi pín sí mẹ́ta. Èkíní, ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ tí ó yí igbó náà ká, tí wọ́n ti fi yanrìn dí, tí wọ́n sì ti kọ́lé sí. Ǹjẹ́ ẹni tí ń sùn lábẹ́ afárá ni ó ń gbé ibẹ̀? Rárá o. Bí a bá gé igbó náà lónìí, olówó ni yóò rà á lọ́la, tálákà yóò sì wà níbi tí ó wà. Èkejì, àbàtà a máa gba omi òjò mu. Òjò tí kò bá rí àbàtà sùn sí, inú yàrá wa ni yóò wá sùn sí. Ẹni tí ó bá mọ Èkó ní oṣù kẹfà mọ̀ pé n kò purọ́.

Ẹ̀kẹta ni ó jẹ mí lọ́kàn jù, nítorí pé èrè ni méjì àkọ́kọ́ ṣì ń wá. Bí ó bá jẹ́ nítorí omi nìkan ni a ṣe dá igbó sí, ọjọ́ tí ẹnìkan bá gbẹ́ kòtò tí ó gba omi jù ú lọ ni a óò gé e. Ohun tí mo ń wí ni pé ó dára kí ibì kan wà tí ènìyàn yóò dé, tí yóò sì fi ọwọ́ sẹ́yìn. Iṣẹ́ méjì ni pákó Lẹ́kí ń ṣe: ó ń gba ẹsẹ̀ wa lọ́wọ́ ẹrẹ̀, ó sì ń gba ẹrẹ̀ lọ́wọ́ ẹsẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá rìn lórí rẹ̀ láìjá ewé, láìsọ òkò lu ọ̀bọ, ti kọ́ ara rẹ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ òun tó ni ó gbọdọ̀ di ti òun.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé àṣà òyìnbó ni. Àwọn baba wa ní igbó orò, wọ́n ní igbó ìgbàlẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tó nǹkan bíi hẹ́kítà 75. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Lẹ́kí dọ́gba. Èèwọ̀ ni kí a ṣọdẹ níbẹ̀, tàbí kí a pẹja, tàbí kí a gé igi. Nígbà tí ìbẹ̀rù òrìṣà dínkù, tí àáké fẹ́ wọ ibẹ̀, Susanne Wenger, obìnrin ará Austria tí ó dé ilẹ̀ wa ní 1950, àti àwọn oníṣẹ́-ọnà Òṣogbo dìde láti dáàbò bò ó. Ní 2005, àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ ara ogún gbogbo ayé.

Èèwọ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣọ́ igbó Òṣogbo. Ọgbà àti owó ìwọlé ni ó ń ṣọ́ ti Lẹ́kí. N kò wí pé kí a padà sínú ìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n owó pẹ̀lú kò tó. Ohun tí a bá fi owó ṣọ́, owó tí ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lè gbà á. Owó ìwọlé sì lè ti ọmọ aláìní mọ́ ìta. Ìwà ni ó kù. Bí ọmọlúàbí bá wọ ilé onílé, kì í fi ọwọ́ kan gbogbo ohun tí ó bá rí. Igbó pẹ̀lú, ilé onílé ni.

Àwa tí ń kọ́ èdè lè jókòó máa wá orúkọ fún ẹni tí ń wọ igbó láìmú nǹkan. Èmi rò pé kí a kọ́kọ́ di irú ẹni bẹ́ẹ̀ ná. Bí a bá pọ̀ tó, orúkọ yóò wá fúnra rẹ̀.