Ta Ló Jẹ Ta Ní Gbèsè?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ìbéèrè kan ni mo gbé wá o. Bí àlejò bá bímọ sí ìlú wa, tí ọmọ náà gbọ́ èdè wa ju èdè bàbá ẹ̀ lọ, ṣé ọmọ yẹn ti sọnù ni, àbí ó ti délé?

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí bàbá bàbá ẹ̀ jẹ́ Ijaw. Ẹja pípa ló gbé bàbá yẹn dé Ogun Waterside. Ìran apẹja Ijaw náà ni ìyá ọ̀rẹ́ mi. Bàbá ẹ̀ ń sọ Ijaw, ó ń sọ Ìjẹ̀bú. Ní ti ọ̀rẹ́ mi, ìkíni àti orúkọ ẹja mélòó kan ló kù lẹ́nu ẹ̀. Àwọn ẹbí ẹ̀ ní odò tó bá gbàgbé orísun, gbígbẹ ló máa gbẹ. Àwa ń yìn ín pé ó ń sọ Ìjẹ̀bú ju ọmọ onílẹ̀ lọ. Àmọ́ tó bá di ká kọ fọ́ọ̀mù, ọmọ onílẹ̀ kọ́. Abala 318 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní ẹni tí òbí tàbí òbí àgbà ẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ kan ló jẹ́ ti ìpínlẹ̀ náà. Ibi tí wọ́n bí ọ sí ò tó.

Ibi tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Bí ọmọ Yorùbá bá dàgbà ní Peckham ní London, tí kò gbọ́ Yorùbá mọ́, a ó figbe ta pé òyìnbó ti gba ọmọ wa. Bí ọmọ ẹlòmíì bá sọ èdè tiẹ̀ nù sọ́dọ̀ wa, a ní ó mọ̀wà hù. Ohun tó bá burú ní Peckham, ó yẹ kó burú ní Ìjẹ̀bú-Igbó náà.

Ẹ tún wo àwọn Àpọ́ì ní Ẹsẹ̀-Odò, Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ijaw ni wọ́n ń pe ara wọn títí dòní, Yorùbá sì ni wọ́n ń sọ. Èdè lọ, ìtàn dúró.

Torí náà, èmi ò gbà pé ọmọ jẹ gbèsè èdè tí wọn ò kọ́ ọ. Òbí ló jẹ ẹ́ ní ìtàn. Àwa onílé la jẹ ẹ́ ní àyè. Ẹni tó ń fi èdè rẹ pè ọ́ ní ẹ̀gbọ́n, kò yẹ kó o tún máa bi í pé ìgbà wo ló ń lọ sílé.