Káàdì Tí Mo Buwọ́ Lù



Lálẹ́ Sátidé, ìmáàmù ka Suratul-Mutaffifin níbi ìrun àṣàmù, ọkàn mi sì lọ sí pápá gọ́ọ̀fù.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Oníbàárà kan tí mo ń bá ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Hamburg ló mú mi lọ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tí lílù rẹ̀ kéré jù ló ń borí. Kí ọ̀gá àti ọmọ-ẹ̀kọ́ lè jọ díje, wọ́n máa ń bá ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n gbá yọ díẹ̀ kúrò nínú iye rẹ̀. Ìyẹn ni handicap. Ẹni tó bá fi mímọ̀-ọ́n-gbá rẹ̀ pamọ́, ó ti gba ẹ̀bùn tán kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀.

Láti ọdún 2021 tí Jámánì ti wọ ètò tí gbogbo ayé ń lò, àyò mẹ́jọ tó dára jù nínú 20 tí èèyàn gbá kẹ́yìn ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣírò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò sì mọ irọ́ yàtọ̀ sí òtítọ́; iṣẹ́ mi ni, mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ ẹni tó ń gbá a, kó sì buwọ́ lu káàdì rẹ̀. Zähler ni wọ́n ń pè é níbí.

Èmi ni Zähler ọ̀gá yìí. Ó gbá ihò kan ní 5, ó ní kí n kọ 7. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ihò méjì mìíràn, ó ń rẹ́rìn-ín. Àdéhùn iṣẹ́ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ọwọ́ rẹ̀ sì ni àtúnṣe rẹ̀ wà. Mo kọ ọ́. Mo buwọ́ lù ú.

Nígbà tó di September, ó gba ẹ̀bùn àkọ́kọ́. Bàbá àgbàlagbà kan ló ṣe ipò kejì, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Orí àwọn oníjìbìtì òṣùwọ̀n ni sura yẹn dá lé. Tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń tẹ ìdí kóńgò wọlé lọ́jà ni mo máa ń rò pé ó ń bá wí. Ọ̀gá yìí tẹ kóńgò tirẹ̀, èmi ni mo bá a dì í mú.

Mo mọ̀ pé ẹ̀sìn wa kò fẹ́ kí èèyàn máa kéde ẹ̀ṣẹ̀ tí Ọlọ́hun ti bò fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn wà nínú èyí, ìtọrọ àforíjìn nìkan kò tó. Ebi tí mo ń fara dà láti sààrì di ìṣínu kò lè san gbèsè bàbá yẹn.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, lẹ́yìn sààrì, mo kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ náà. Kí n tó fi ránṣẹ́, mo pe ọ̀gá náà, kó má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó ní òun ò retí èyí lọ́wọ́ mi. Àdéhùn tó tún ṣe fún mi yóò parí lópin March.

Ẹ fi mí sínú àdúà yín nígbà ìṣínu.