Ẹ Má Fi Eku Méjì Dẹ́rù Bà Wọ́n

Kí òṣìṣẹ́ báńkì kan dán an wò, kó sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé òun fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ọ: "Ẹni tó lé eku méjì á pòfo." Ìtumọ̀ rẹ̀ kò fara sin. Bí eku méjì bá gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹni tó ń lé wọn tó yà sọ́tùn-ún, ti òsì á ti wọ ihò. Ìkìlọ̀ fún olójúkòkòrò ni, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọ́n ti sọ ọ́ di ẹ̀bi tí wọ́n ń dá fún ẹnikẹ́ni tó bá pa iṣẹ́ dà, àfi bí ẹni pé iṣẹ́ téèyàn kọ́kọ́ bá pàdé ni Ẹlẹ́dàá yàn mọ́ ọn.

Ẹ wo Hubert Ogunde, gbajúmọ̀ òṣèré orí ìtàgé, ọmọ Òsósà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Tíṣà ni, ó sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó tó wọṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1941. Ní 1944, ó gbé eré olórin kan nípa ọgbà Édẹ́nì, tí ìjọ Aládùúrà kan bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe, jáde ní Glover Memorial Hall l'Ékòó. Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà òwe náà lè ní Ogunde kò lé méjì pọ̀, pé ọ̀kan ló fi sílẹ̀ kó tó mú èkejì. Rárá o. Ọlọ́pàá ni nígbà tí eré yẹn jáde; 1945 ló tó fiṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, tó gbájú mọ́ ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀. Ó lé eku méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì pòfo. Ẹni tí owó oṣù ṣì ń wọlé fún lè dán ohun tuntun wò láìfebi pa ilé rẹ̀. Àwọn baba ńlá wa mọ èyí. Alágbẹ̀dẹ ń roko, ọdẹ ń roko, ahunṣọ ń roko. Àwọn náà ló sì ní ọ̀nà kan ò wọjà.

Àwọn òbí kò ṣàìní ẹjọ́ tiwọn. Wọ́n ti náwó ilé-ìwé, àwọn àbúrò sì lè máa wojú ẹ̀gbọ́n lóṣooṣù. Bí ẹ̀gbọ́n bá ju iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, àwọn ni ebi yóò kọ́kọ́ pa. Òótọ́ tún ni pé ọ̀pọ̀ ló pa iṣẹ́ dà tí wọ́n pòfo, tí ẹnikẹ́ni ò sì kọ ìtàn wọn bíi ti Ogunde. Àmọ́ ta ló ń ka àwọn tó dúró sójú kan tí wọ́n sì pòfo? Nọ́ọ̀sì tó kórìíra wọ́ọ̀dù, tíṣà tó ń fi ìkanra na ọmọ ọlọ́mọ, eku kan ṣoṣo làwọn yẹn lé.

Ibi tí èmi àti òwe yìí ti pínyà nìyí: ó ka eku, kò ka ẹni tó ń lé e. Òṣìṣẹ́ báńkì tó di télọ̀ kò ní gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó. Ìwà ẹni pàápàá kì í tètè hàn síni. Ẹnu iṣẹ́ lèèyàn ti ń mọ ohun tí ọwọ́ òun lè ṣe. Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ pa iṣẹ́ dà, ẹ bi í léèrè: kí ni yóò máa jẹ títí iṣẹ́ tuntun yóò fi gbéra? Ètò wo ló ṣe fún àwọn tó gbára lé e? Kí ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nídìí iṣẹ́ náà, tó fi hàn pé kì í ṣe ojú lásán ló fi ń wò ó? Bó bá rí i dáhùn, ẹ súre fún un. Àgbà tó bá fi òwe rọ́pò ìbéèrè wọ̀nyí, iṣẹ́ àgbà ló sá fún.