Ta Ló Ni Àṣírí Inú Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀?

Àwọn àgbà ní ògiri létí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iléeṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà rí i pé òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí ọ̀rọ̀ ológun padà kí ọ̀tá má baà lè kà á ń tú àmì jáde sínú afẹ́fẹ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá sì gbé ẹ̀rọ mìíràn sí ọ̀ọ́kán lè ti ara àmì náà ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n rò pé àwọn ti bò. Ní 1985, Wim van Eck, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, fi tẹlifíṣọ̀n lásán àti ohun èlò díẹ̀ tí kò wọ́n ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láti ìta ilé. Irú ewu yìí ló mú kí wọ́n máa ṣe kọ̀ǹpútà TEMPEST, èyí tí wọ́n ṣe kí àmì má baà tú jáde lára rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọjà ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á fi irin bo inú rẹ̀, wọ́n á ta wáyà tín-ín-rín tí wọ́n hun bí àwọ̀n sójú gíláàsì rẹ̀, wọ́n á dí gbogbo ibi tí ìdérí ti pàdé ara, wọ́n á sì fi asẹ́ sídìí wáyà iná kí ohunkóhun má baà gba ibẹ̀ yọ́ jáde.

Lọ́jà Alábà ní Ọ̀jọ́, níbi tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, kò sẹ́ni tó nílò irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kó tó rí àṣírí ẹlòmíràn. Ẹgbẹ́ Basel Action Network, tó ń tako kíkó pàǹtírí ẹ̀rọ lọ sí ìlú mìíràn, wá sí Èkó ní 2005, wọ́n ra hard disk, wọ́n sì bá ìwé àdáni àwọn èèyàn òkè òkun lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwádìí tí àjọ kan ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ́wọ́ sí ṣírò pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹrù iná àlòkù ló ń wọ Nàìjíríà lọ́dún ní 2015 àti 2016. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe á fi sukudiráfà tú ìdè mélòó kan, á fa hard disk yọ, á kì í mọ́ wáyà kọ̀ǹpútà tirẹ̀, fáìlì á sì tò sójú. Èyí tí olówó rẹ̀ rò pé òun ti pa rẹ́ gan-an lè wà níbẹ̀, nítorí lọ́pọ̀ ìgbà orúkọ fáìlì nìkan ni ẹ̀rọ máa ń yọ. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á wà títí dìgbà tí a bá kọ nǹkan mìíràn lé e lórí.

Ṣé ẹni tó ra irin ti ra àṣírí tó wà nínú rẹ̀? Mo ní rárá. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa kọ́kọ́ sọ ni pé ohun tí olóhun bá ti jù nù ti di ti ẹni tó ṣà á. Ọ̀rọ̀ yẹn ì bá tà létí bó bá jẹ́ pé ẹni tó ju kọ̀ǹpútà nù náà ló ni àṣírí. Ilé ìwòsàn tó ta kọ̀ǹpútà rẹ̀ gbowó lórí irin; aláìsàn tí orúkọ àrùn rẹ̀ wà níbẹ̀ kò ta nǹkan kan, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹrù ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ wo ilé babaláwo. Ẹni tó wá dáfá á gbé owó súnmọ́ ẹnu, á sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i. Babaláwo jókòó níwájú rẹ̀, etí rẹ̀ kò sì di, àmọ́ kì í na etí sí ọ̀rọ̀ náà. Kí ọ̀rọ̀ wà nítòsí ẹni kò sọ ọ́ di tẹni. Òfin Mósè nínú ìwé Diutarónómì orí 22 sọ pé ẹni tó bá rí ohun tó sọnù gbọ́dọ̀ dá a padà fún olóhun, Súrátùl Hujurat nínú Kùránì sì ka títọpinpin ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn léèwọ̀. Ẹ̀sìn mẹ́ta nìyẹn, wọn kò sì fi dandan lé e pé kí olóhun kọ́kọ́ fi irin bo nǹkan rẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ìwà ìkà tí wọ́n hù sí wa. Àwọn tó kó àlòkù náà wá kó òjé inú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà àtijọ́ mọ́ ọn. Àwọn èèyàn wa ló ń jó wáyà láti yọ bàbà, tí wọ́n ń fa èéfín rẹ̀ símú. Kí la jẹ wọ́n? Inú mi kò dùn sí ìwà yẹn rárá, àwọn tó ṣe é sì jẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n aláìsàn inú fáìlì kọ́ ló di kọntéńà. Bákan náà, Abala 37 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè 1999 fọwọ́ sọ̀yà fún ọmọ Nàìjíríà pé ọ̀rọ̀ àdáni rẹ̀ kò ní di ti gbogbo ayé. Bí òfin bá tilẹ̀ dúró lórí ọmọ ìlú, ẹ̀rí ọkàn kì í béèrè ìwé ìrìnnà. Ọ̀rọ̀ náà sì kan àwa náà: fóònù tí ará Ìbà tà lọ́sẹ̀ tó kọjá, pẹ̀lú àwòrán ọmọ rẹ̀ nínú, lè wà lórí tábìlì ẹlòmíràn ní Okokomaiko báyìí.

Bí ìwà ọ̀daràn bá wá yọjú nínú fáìlì ńkọ́? Ẹni tó ṣèèṣì rí i pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọdé gbọ́dọ̀ ké sí àwọn tó lè gbà á sílẹ̀. Ọmọ náà ló ni àṣírí yẹn, ìgbàlà ló sì ń fẹ́. Ìyẹn kò sọ títú fáìlì kiri di iṣẹ́ rere, kò sì fún ẹnikẹ́ni láyè láti tà á tàbí láti pín in káàkiri.

Iṣẹ́ tó yẹ kò ṣòroó ṣàlàyé: kí a fi òfo kọ gbogbo ojú hard disk kí a tó gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí lórí èyí tó bá tóbi, epo jẹnẹrétọ̀ sì wọ́n. Kò tọ́ kí ẹni tó ń tún un ṣe nìkan ru owó yẹn. Ẹni tó ń rà á ló yẹ kó béèrè fún un, kó sì san án mọ́ owó ọjà.