Ohun Tí A Fi Pamọ́ Sọ́dọ̀ Ẹlòmíràn, Ẹrù Ta Ni?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Òwe yìí ni ó yẹ kí á fi wo àṣà kan tí ó gbòde láyé òde òní, èyíinì ni kíkó àkọsílẹ̀ rẹpẹtẹ sínú ohun tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní àwọsánmà. Orúkọ náà lè ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí kò sí ohunkóhun lójú ọ̀run níbẹ̀. Ilé ni, orí ilẹ̀ ni a kọ́ ọ sí, ẹ̀rọ ni ó sì kún inú rẹ̀. Ní ọdún 2006 ni ilé-iṣẹ́ Amazon ṣí irú ilé ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ará ìta. Ní ọdún yẹn kan náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Google kọ̀wé nípa Bigtable, tí í ṣe ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to àkọsílẹ̀ ní ìlà-ìlà sórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí á bi ara wa nìyí: bí a bá sanwó fún ẹlòmíràn kí ó bá wa tọ́jú ẹrù, ǹjẹ́ ẹrù náà ti kúrò lọ́rùn wa bí?

Àwọn kan yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ẹni tí ó gbowó ni kí ó jíhìn. Wọ́n tún ní yàrá tí òrùlé rẹ̀ ń jò, tí ikán sì ń jẹ fáìlì inú rẹ̀, kò lè sàn ju ilé ńlá tí à ń ṣọ́ tọ̀sán-tòru lọ. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta, ọdún 2021, iná sọ ní ilé ìpamọ́ OVHcloud ní ìlú Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀mí kankan kò bá a lọ, ṣùgbọ́n odindi ilé kan jóná ráúráú. Oníbàárà kan wà tí ó ti sanwó fún ẹ̀dà kejì, àṣé inú ilé kan náà ni ẹ̀dà náà wà. Ní ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ kan ní ìlú Lille dá a láre, ó sì ní kí wọ́n san owó gbà-má-bìnú fún un. Owó lè padà; àkọsílẹ̀ tí ó ti jóná kò lè padà. Ìtọ́jú ṣeé bẹ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ìjíhìn kò ṣeé gbé fún un.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìdí mìíràn tún wà. Àkọsílẹ̀ tí à ń pè ní tiwa kì í ṣe tiwa nìkan. Aláìsàn tí ó finú han dókítà kò bá ilé-iṣẹ́ òkè òkun kankan ṣàdéhùn. Alágbàtọ́jú ni àwa gan-an. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2023 lórí ààbò àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn pàápàá sọ pé ẹni tí ó bá gbé irú iṣẹ́ yìí fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ rí i dájú pé onítọ̀hún ń pa òfin mọ́.

Kí ni kí á ṣe? Ẹ jẹ́ kí á wo Ifá. Odù 256 ni, orí ọ̀pọ̀ babaláwo ni a sì kó wọn sí. Ikú ẹnì kan kò pa wọ́n run. Nígbà tí òwò ẹrú kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Kúbà, Ifá bá wọn débẹ̀, kò sì tán nílé. Yàtọ̀ sí èyí, ọmọ awo a máa ké ohun tí ó kọ́ níwájú àgbà, kí á lè mọ̀ bóyá ó pé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wa wà ní ibi tí ó jìnnà síra, kí á sì máa dán an wò kí ewu tó dé.

Kò burú kí á fi ẹrù sọ́dọ̀ ẹni tí ó lágbára jù wá lọ. Ohun tí ó burú ni kí á fi í síbẹ̀ kí á sì gbàgbé rẹ̀. Ẹni tí ó lẹ́rù ni í gbé e níbi tí ó ti wúwo.